Igi Gogoro Má Gùn Mí Lójú: Ẹ Yẹ Dẹ́ẹ̀kì Yín Wò Kí Ẹ Tó Pe Èrò Jọ

Ìgbà tí a máa ń ṣe ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí àti ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àwọn ọmọ wa lẹ́yìnkùlé ti dé. Ọ̀rọ̀ ayẹyẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe ti ọbẹ̀ tàbí ti aṣọ ẹbí. Ọ̀rọ̀ igi ni.

Sọ́mà kan tó kọjá, àbúrò mi kan bímọ ọkùnrin. Kì í ṣe ọmọ ìyá mi o, àdúgbò kan náà la ti jọ dàgbà n'Íbàdàn. Ọdún mẹ́jọ lòun àtìyàwó ẹ̀ fi retí ọmọ yìí, nítorí náà ẹ ò ní bi mí bí ayọ̀ ọjọ́ yẹn ṣe tó. Láàárín wákàtí méjì, dẹ́ẹ̀kì onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnnì wọn, lókè níbẹ̀, ti kún fọ́fọ́. Èèyàn ò dín ní àádọ́ta. Wọ́n ti gbé kúlà ńlá mẹ́ta tí wọ́n kó yìnyín àti ohun mímu sí jáde. Onílù gbé gángan kọ́ apá, nígbà tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá ọmọ, gbogbo wọn ti ń jó.

Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, mo fẹ́ bọ́ síta. Ẹsẹ̀ mi kan ló kan pákó, mo sì mọ̀ ọ́n lábẹ́ bàtà mi pé dẹ́ẹ̀kì yẹn ń lọ, ó ń bọ̀. Kì í ṣe pé ó ń rọ̀ nìkan, ó tún ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fa ẹsẹ̀ mi padà, mo gba ìsàlẹ̀ ilé jáde, mo lọ sábẹ́ ẹ̀, mo tan iná fóònù mi. Pákó gbọọrọ tó so dẹ́ẹ̀kì mọ́ ara ilé, ìṣó lásán ni wọ́n fi kàn án, kò sí bóòtù kan ṣoṣo. Omi òjò ti ń gba ẹ̀yìn ẹ̀ wọlé láti ọjọ́ pípẹ́, igi náà ti dúdú. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi, mo fi gún un. Ó wọlé bí ìgbà téèyàn gún ẹ̀kọ tútù.

Mo sáré gòkè, mo pe bàbá ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Àbúrò, kó gbogbo èèyàn kúrò lórí dẹ́ẹ̀kì yìí báyìí báyìí." Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìwúre tán ná." Mo ní kò sí ná níbẹ̀. Màmá ẹ̀, tí wọ́n ti Ìbàdàn wá tọ́jú ọmọ, gbọ́ wa, inú sì bí wọn gidigidi. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́jọ la fi sunkún, ìwọ lo wá fẹ́ da ayọ̀ wa rú? Àbí inú ẹ ò dùn ni?"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ láàárín àwa Yorùbá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo èèyàn. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká lọ jó nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ni mo pa, ẹ bú mi lọ́la." Onílù ló gbà mí lọ́jọ́ náà. Ó ti gbọ́ ohun tí mo sọ, ló bá gba inú ilé, ó ń lùlù lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn oníjó sì tẹ̀ lé e títí wọ́n fi débi koríko.

Dẹ́ẹ̀kì ò wó. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohun tó sì jẹ́ kó dà bíi pé mo kàn ń dẹ́rù bani nìyẹn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá ọmọ ò pè mí lórí fóònù.

Kí ló wá dé tí mo fi gbà kí wọ́n máa fojú ìlara wò mí? Iṣẹ́ mi ni. Mo kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjíníà nílé, mo wá gba oyè másítà níbí lórí igi ìkọ́lé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo fi ń jẹun ni kí n máa ṣẹ́ pákó. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń sanwó fún mi kí n máa ṣẹ́ igi, kí n sì kọ iye ẹrù tó gbé kó tó ṣẹ́ sílẹ̀.

Káfíńtà ni bàbá mi. Bí wọ́n bá débi tí wọ́n ti ń ta pákó, wọ́n á gbé orí ẹ̀ kan sókè, wọ́n á fi ìka kàn án, wọ́n á tẹ́tí. Bó bá dún ketekete, wọ́n á rà á. Bó bá dún wúyẹ́, wọ́n á jù ú sílẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé wọ́n kàn ń fi ṣe fáàrí ni. Ìgbà tí mo dé ilé ìdánwò níbí ni mo rí ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Wọ́n á fi òòlù kan orí pákó, ẹ̀rọ á ka bí ìró náà ṣe yára tó títí dé orí kejì. Igi tó bá le, ìró máa ń yára nínú ẹ̀. Èyí tó bá ti jẹrà, ìró á máa wọ́ lọ. Ẹ̀rọ mìíràn tún wà láwọn sọ́míìlì tó máa ń tẹ pákó kọ̀ọ̀kan díẹ̀ láìṣẹ́ ẹ, tó ń wo bó ṣe tẹ̀ sí, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n títẹ̀ ò tíì tó. Láti mọ ibi tí agbára igi pin sí gan-an, àfi kéèyàn ṣẹ́ ẹ. Ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà kan wà nílùú Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, tó ń jẹ́ Forest Products Laboratory. Ọdún 1910 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí àwa ẹ́ńjíníà mọ̀ nípa igi, ibẹ̀ ló ti wá. Ọ̀nà tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ ni pé wọ́n á gé igi tó mọ́ tónítóní, tí kò ní kókó kankan, tó fẹ̀ ní ínṣì 2, tó nípọn ní ínṣì 2, tó gùn ní ínṣì 30. Wọ́n á gbé e lé orí ìdúró méjì tó jìnnà síra ní ínṣì 28, ẹ̀rọ á wá máa tì í láàárín díẹ̀díẹ̀ títí á fi ṣẹ́. Igi kékeré bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ Douglas-fir gbígbẹ, lè gbé ju 2,000 pọ́ùn lọ kó tó ṣẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, ẹnu á yà á.

Àmọ́ ta ló ń fi igi tí kò ní kókó kọ́lé? Pákó tí à ń rà lọ́jà ní kókó, iṣan ẹ̀ ń wọ́ sọ́tùn-ún sósì, òmíràn ti là lórí. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní ìparí àwọn ọdún 1970. Wọ́n kó ojúlówó pákó láti àwọn sọ́míìlì, bí wọ́n ṣe ń tà á fún káfíńtà gẹ́lẹ́, wọ́n sì ṣẹ́ èyí tó lé ní 70,000. Ọdún 1991 ni nọ́ńbà tó tibẹ̀ jáde wọnú ìwé táwọn ẹ́ńjíníà ń lò.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé: pákó méjì tó jọra bí ìbejì, tí wọ́n jọ ru òǹtẹ̀ kan náà, ọ̀kan lè lágbára ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì. Kókó tó bá bọ́ sí etí ìsàlẹ̀ pákó, níbi tí ẹrù ti ń fà á ya, ló burú jù. Ẹ máa gbọ́ ọ kó tó ṣẹ́, á máa dún ká, ká, ká, bí ìgbà téèyàn ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní kì yín rárá, wọ́n á kàn là lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Torí náà, ẹ́ńjíníà kì í fọkàn tán pákó tó lágbára jù, kì í sì í lo ti àárín. Bí a bá to ọgọ́rùn-ún pákó láti orí èyí tó lẹ jù dé èyí tó le jù, nọ́ńbà tó wà nídìí ìlà, ní nǹkan bí ìkarùn-ún, la máa ń mú. Lẹ́yìn náà, a tún máa fi 2.1 pín in, bó bá jẹ́ ti títẹ̀. Kí ló fa ìyẹn? Ara ẹ̀ jẹ́ ààbò, ara ẹ̀ sì jẹ́ ti àkókò. Igi máa ń rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ru garawa omi. Láti ìdí kànga délé, kò sí wàhálà. Ẹ wá ní kó dúró ságbàlá kó ru ú láti àárọ̀ títí dalẹ́, ọrùn á sọ fún un. Bí igi náà ṣe rí nìyẹn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Madison fi hàn pé ẹrù tí igi lè gbé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bó bá máa gbé e fún ọdún mẹ́wàá, àfi kí á dín in kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún.

Ẹ má sì rò pé nọ́ńbà wọ̀nyí, bí wọ́n bá ti kọ wọ́n, wọ́n ti kọ wọ́n nìyẹn. Páìnì ti gúúsù Amẹ́ríkà, tó pọ̀ gan-an lọ́jà, wọ́n tún kó o sórí ẹ̀rọ lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n rí i pé kò lágbára tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Láàárín 2012 sí 2013, wọ́n dín nọ́ńbà ẹ̀ kù. Pákó 2 by 4 tí òǹtẹ̀ ẹ̀ jẹ́ No. 2, tí wọ́n ń ka agbára títẹ̀ ẹ̀ sí 1,500 pọ́ùn lórí ínṣì kan níbùú lóròó, di 1,100. Orúkọ ò yí, òǹtẹ̀ ò yí, àmọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé tí a ní nínú ẹ̀ yí. Èyí ni mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń dán nǹkan wò gbọ́dọ̀ lè sọ pé, "Ohun tí mo sọ lánàá, ó ti kù díẹ̀ káàtó."

Àwọn pákó tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, wọ́n á ní igi àdàmọ̀dì ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹyọ ọwọ̀ kan ò lè gbálẹ̀, àfi bí wọ́n bá dì í pọ̀. Bí wọ́n bá bó igi pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí wọ́n tò ó léra, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù àti iná tẹ̀ ẹ́ pọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní LVL nìyẹn, kókó ńlá kan tí ì bá dá pákó sí méjì ti fọ́n káàkiri. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí èyí tó máa lẹ jù láàárín wọn, nítorí náà nọ́ńbà tó wà nídìí ìlà yẹn á ga sí i. Plywood àti glulam ń jẹ nínú àǹfààní kan náà.

Àmọ́ gọ́ọ̀mù ló gbé gbogbo ẹ̀ dúró, nítorí náà a máa ń fìyà jẹ gọ́ọ̀mù. A ó ti igi náà mọ́ inú àgbá irin, a ó fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, a ó fi agbára ti omi wọ̀ ọ́, a ó sì gbé e síbi ooru títí á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà la máa fi rúlà wọn ibi tí ojú gọ́ọ̀mù bá ti là. Bó bá là ju bó ṣe yẹ lọ, wọn ò ní tà á. Irú igi alẹ̀pọ̀ báyìí ni wọ́n fi kọ́ ilé Ascent nílùú Milwaukee, tó parí ní 2022. Àjà 25 ló ní, ó ga ní 284 ẹsẹ̀ bàtà, òun ló sì ga jù nínú ilé onígi láyé lọ́dún náà. Kí wọ́n tó gbà wọ́n láyè láti kọ́ ọ, wọ́n ti kọ́kọ́ dáná sun irú òpó onígi tí wọ́n fẹ́ lò ní ilé ìwádìí Madison, wọ́n sì wo iye wákàtí tó lè fara dà á.

Bí igi bá lágbára tó báyìí, kí ló ń pa èèyàn? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Omi ni. Pákó tí òǹtẹ̀ ẹ̀ jẹ́ S-DRY tàbí KD, omi inú ẹ̀ kò ju ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nígbà tí wọ́n lù ú. Bí omi bá wá ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, tí kò ráyè gbẹ, olú tó ń jẹ igi á dé, gbogbo nọ́ńbà tí mo ń kà fún yín látàárọ̀ á di asán.

Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 2003, báránda onígi aláàjà mẹ́ta kan wó ní Chicago nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe fàájì lórí ẹ̀. Èèyàn 13 ló bá a lọ. Èrò pọ̀ lórí ẹ̀, wọn ò sì kọ́ ọ bó ṣe yẹ. Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹfà, ọdún 2015, bálíkónì kan já ní Berkeley, ní California, níbi tí wọ́n ti ń ṣọjọ́ ìbí ẹni ọdún 21. Èèyàn 6 kú, 7 sì farapa. Igi inú ẹ̀ ti jẹrà pátápátá, àmọ́ òde ẹ̀ dán lójú. Oṣù kẹfà ni méjèèjì, ayẹyẹ sì ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiwa. Òfin ilé kíkọ́ níbí sábà máa ń fẹ́ kí dẹ́ẹ̀kì lè gbé 40 pọ́ùn lórí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó. Bí dẹ́ẹ̀kì bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 16, ìyẹn 192, á gbé 7,680 pọ́ùn. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wọn 180 pọ́ùn, èèyàn 42 ti kún un. Mi ò tíì ka kúlà, tábìlì àti àwo ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù o. Bẹ́ẹ̀, dẹ́ẹ̀kì tuntun tí wọ́n kàn dáadáa nìyẹn. Ti àbúrò mi ò tuntun, àádọ́ta èèyàn sì ń jó lórí ẹ̀. Ijó tún yàtọ̀ sí ìdúró. Bí gbogbo wa bá jọ ń yí ìdí sápá kan náà bí gángan ṣe ń sọ, à ń fa dẹ́ẹ̀kì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìṣó lásán ò sì lè gba irú ìfà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ kọ́lé sílé náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Pákó tí wọ́n ń tà láwọn ọjà wa nílé kì í sábà ní òǹtẹ̀ kankan. Kì í ṣe pé a ò nímọ̀ ẹ̀. Nàìjíríà ti ní ìwé ìlànà tiẹ̀ lórí igi ìkọ́lé láti 1973, tó pín igi wa sí ìsọ̀rí agbára láti N1 dé N7, ilé ìwádìí igbó sì wà n'Íbàdàn láti 1954. Ẹ bi káfíńtà yín pé igi wo ló fẹ́ fi ṣe òrùlé. Bó bá ní arère, ẹ mọ̀ pé igi tó rọrùn láti gé ni, ṣùgbọ́n ikán àti olú fẹ́ràn ẹ̀. Apá àti ìrókò ń fara dà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó má fi igi tútù kànlé, igi tútù á fà á, á lọ́, á sì tú ìṣó sílẹ̀. Kó fi oògùn ikán pa á kó tó gbé e sókè, kì í ṣe lẹ́yìn tí páànù bá ti bò ó.

Ní ti dẹ́ẹ̀kì tó wà nílé yín níbí, ohun tí mo bẹ̀ yín láti ṣe kò ju ìdajì wákàtí lọ:

Ẹ lọ sábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú iná. Ẹ wo pákó tó so ó mọ́ ara ilé. Bóòtù tàbí ìṣó onísíkúrù gbọọrọ ló yẹ kẹ́ ẹ rí, kì í ṣe ìṣó lásán.

Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tàbí ọ̀bẹ gún pákó yẹn, ẹ gún ìdí òpó àti ibi tí omi ń dúró sí. Bó bá wọlé wọ́ọ́rọ́, ẹ má tún gbé èrò síbẹ̀ mọ́.

Ẹ dúró sórí ẹ̀ lẹ́yin nìkan, kẹ́ ẹ mi ara yín sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń fì, ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe tuntun, ẹ ka òǹtẹ̀ ara pákó: ilé iṣẹ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ńbà sọ́míìlì, ìpele agbára, irú igi, àti bó ṣe gbẹ tó. Òpó tó máa kanlẹ̀, kí ẹ wo UC4A lára ẹ̀, ìyẹn ni pé oògùn tó wà nínú ẹ̀ tó èyí tó lè kan yẹ̀pẹ̀. Kẹ́ ẹ sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìlú yín.

Bó bá jẹ́ ilé àyágbé lẹ wà, ẹ kọ̀wé sí onílé, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo sọ yẹn, fóònù mi dún. Àbúrò mi ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan." Káfíńtà tó pè wá tú dẹ́ẹ̀kì ti ki irin ìfàṣó bọ ẹ̀yìn pákó yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní òun ò tíì fi agbára sí i, gbogbo ẹ̀ sì ṣí kúrò lára ilé. Ìṣó tó wà níbẹ̀ ti dípẹtà, ó tínrín bí abẹ́rẹ́. Màmá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnnì, wọ́n gbé ọmọ dání, wọ́n ń wo ibi tí dẹ́ẹ̀kì wà tẹ́lẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Wá gbé ọmọ ẹ." Mo gbé e.

Ẹ kú ìgbádùn sọ́mà o. Ayọ̀ wa ò ní di ẹkún.